Ṣé ká fá ọ̀dà àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó da tuntun sórí títì wa? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Tákìé. Títì wa ti gbó. Ọ̀dà ibẹ̀ ti là, ibòmíràn ti di kòtò, ipa táyà sì ti jinlẹ̀ ní apá ibi tí tipa oníyanrìn máa ń gbà. A ti dáwó jọ, àwọn ọmọ àdúgbò tó wà lókè òkun náà sì ti fi tiwọn kún un. Agbaṣẹ́ṣe tó kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀ ní òun yóò gbá a, òun yóò wọ́n ọ̀dà sí i, òun yóò sì da ásífáàtì tuntun lé e lórí. Èkejì ní rárá, ó ní àfi ká fá ti àtijọ́ kúrò ná, pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń ṣe é. Owó tirẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ti pín ìpàdé wa sí méjì.

Títì náà gùn tó 350 mítà, ó sì fẹ̀ ní mítà 6. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ kó yé àwọn àgbà wa, torí màá tẹ ohun tí ẹ bá kọ jáde, màá sì kà á fún wọn.

Ìyá Aláṣọ, Sábó

Akọ̀wé, ẹ fá a. Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù mi, àtẹ̀gùn méjì ni mo máa ń gùn láti orí títì wọlé. Wọ́n da ọ̀dà lé ọ̀dà títí, nísinsìnyí ńṣe ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí òjò oṣù kẹsàn-án bá dé, omi títì kì í lọ sí gọ́tà mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Mo ti mọ búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ilẹ̀kùn, síbẹ̀ orí tábìlì ni mo máa ń kó aṣọ sí kí n tó lọ sílé lásìkò òjò. Ẹ wo ìloro àwọn ilé yín dáadáa kí ẹ tó gbà fún ẹni tó fẹ́ dà á lé e.

Fọ́ọ́máànù Àgbà

Ẹ kú ìnáwó, akọ̀wé. Iṣẹ́ títì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti bá ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kátapílà ni wọ́n fi ń wú títì.

Mílíǹgì là ń pè é. Ìlù irin gbọ̀ngbọ̀n kan wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n to eyín yí ìlù náà ká. Èyí tí ìlù rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2 lè ní eyín tó lé ní 150, irin líle tí wọ́n ń pè ní tungsten carbide ló sì wà lórí eyín kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ síwájú, ìlù yẹn ń yí lódìkejì, ó ń họ ọ̀dà láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bẹ́líìtì yóò gbé ohun tó họ jáde sínú tipa tó ń rìn níwájú. Wọn kì í dáná sí i rárá, tútù ni wọ́n ń fá a. Omi ló ń tú sára àwọn eyín náà ní gbogbo ìgbà kí wọ́n má baà gbóná jù, kí eruku má sì bo àdúgbò. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá bọ́ sígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bi agbaṣẹ́ṣe léèrè ibi tí yóò ti máa rí omi. Mo ti rí ibi tí ẹ̀rọ olówó ńlá dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán nítorí pé tánkà omi kò dé.

Iyì ẹ̀rọ yìí ni pé ẹ máa sọ fún un bí ẹ ṣe fẹ́ kó jìn tó. Ó lè họ púpọ̀ níbi tó ga, kó họ díẹ̀ níbi tó wọ̀, títí ojú ilẹ̀ yóò fi tẹ́ bó ṣe yẹ. Ipa táyà tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ló mú kí n fara mọ́ agbaṣẹ́ṣe kejì. Bí wọ́n bá da ásífáàtì sórí títì tó ní ipa táyà, ibi tó jìn yóò gba púpọ̀, ibi tó ga yóò gba díẹ̀. Róòlà yóò wá gun ibi tó ga, kò ní lè tẹ ibi tó jìn kó kì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí rẹ̀, yóò tẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá lórí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ibi tí kò kì yẹn yóò rì, ipa táyà yóò sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ti rí i ní títì tó pọ̀.

Ojú tí wọ́n fá tún máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́. Lórí ìlù tí wọ́n ń lò jù, bíi 15 mílímítà ló wà láàárín ìlà kan sí èkejì, ásífáàtì tuntun á sì rí ibi di mú. Ojú ọ̀dà àtijọ́ tí táyà ti nù dán kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Ìyá Aláṣọ sọ náà ṣeé kà ní nọ́ńbà. Kọ́ọ̀bù tuntun, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n tò sétí títì, sábà máa ń ga ju títì lọ ní 150 mílímítà. Ẹ da 50 sórí títì lẹ́ẹ̀mejì, 50 péré ló kù tí kọ́ọ̀bù yẹn fi ń dá omi dúró.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Mo gbọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ọ̀dà tó wà nílẹ̀ yẹn, owó ni. Bó bá nípọn, òun ló ń gbé ẹrù ọkọ̀. Ẹ fẹ́ sanwó kí wọ́n kó o lọ, kí ẹ tún sanwó kí wọ́n kó òmíràn wá. Bí ẹ bá fá ìnṣì méjì, tí ẹ sì da ìnṣì méjì padà, kí ni ẹ fi kún títì yín? Tipa oníyanrìn tí akọ̀wé sọ kò sì ní tìtorí èyí yà síbòmíràn. Ní tèmi, bí gọ́tà bá ṣì jìn, tí ilé kò sì sí lábẹ́ títì, kí wọ́n dí kòtò, kí wọ́n sì dà á lé e.

Ẹnjiníà Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni pé fífá ń dín ìnípọn títì kù. Àwọn títì kan sì wà tó jẹ́ pé dídà lé e lórí ló tọ́ sí wọn: ojú wọn kò là púpọ̀, ìpìlẹ̀ wọn le, àyè sì wà láti gbé wọn sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó ti là kì í gbé ẹrù bí ìnípọn rẹ̀ ṣe fẹ́ kó rí lójú wa. Bí táyà bá ti ń kọjá, ẹnu ìlà yẹn ń ṣí, ó ń pa dé, yóò sì fa tuntun tó wà lórí rẹ̀ ya láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí wọ́n bá fá a dé ibi tí ìlà náà parí sí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ìlà náà bá jìn ju ibi tí wọ́n fá dé, yóò tún yọjú, bó tilẹ̀ máa pẹ́ díẹ̀ sí i.

Àmọ́ akọ̀wé, ẹ kò tíì sọ ohun tó wà lábẹ́ títì yín fún wa, agbaṣẹ́ṣe méjèèjì náà kò sì jọ pé wọ́n gbẹ́ ibì kankan wò. Èyí ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ títì àdúgbò nílẹ̀ wa kì í ṣe ásífáàtì rárá. Surface dressing ni wọ́n: wọ́n wọ́n bítúmẹ́nì gbígbóná sórí yangí tí wọ́n ti tẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, róòlà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo ìnípọn rẹ̀ lè má ju 20 mílímítà lọ. Dúdú ni, títì ọlọ́dà ni gbogbo wa sì ń pè é. Bí ẹ bá gbé mílíǹgì gun irú títì bẹ́ẹ̀, tí ẹ ní kó fá 50, yóò họ ọ̀dà, yóò sì họ ìpìlẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó wá sanwó fún bíba ìpìlẹ̀ tó ṣì dára jẹ́.

Ẹ gbẹ́ ẹ wò ná. Ẹ yan ibi bíi mẹ́rin ní gbogbo gígùn rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kòtò kan, inú ipa táyà, ibi tó là gan-an, àti ibi tí ojú rẹ̀ ṣì dára. Ihò onígun mẹ́rin kékeré ti tó. Kí wọ́n gé e kó gún régé, kí ẹ lè rí ìpele kọ̀ọ̀kan lára ògiri ihò náà. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù níbẹ̀, kí wọ́n sì dí i padà kílẹ̀ tó ṣú. Bí agbára yín bá ká a, ẹ̀rọ tó ń gé ásífáàtì jáde ní róbótó dára ju ihò lọ. Ẹ̀ka Civil Engineering wà ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní ìlú wa, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Àkẹ̀sán

Mo fara mọ́ Ẹnjiníà. Ní títì kan tó kọjá níwájú ilé bàbá mi ní Ọ̀yọ́ níbí, wọ́n fá a lóòótọ́, ẹ̀rọ ńlá ló wá, gbogbo wa ló jáde wò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n fá a, wọ́n fi sílẹ̀, ọkọ̀ ń gun orí rẹ̀, eruku ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ásífáàtì dé, àwọn lébùrà fi ìgbálẹ̀ gbá a gààràgà, wọ́n sì dà á. Kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, ó ti ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sókè, ẹ ó rí eruku pupa lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún akọ̀wé pé fífá nìkan kò tó.

Fọ́ọ́máànù Àgbà

Ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ kú ojú lóró o. Eruku ló fa ìyẹn. Inú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni eruku máa ń sá pamọ́ sí, ìgbálẹ̀ ọwọ́ kì í sì í kó o tán. Ìgbálẹ̀ onímọ́tò ló yẹ kó kọ́kọ́ kọjá, kí kọ́mpírẹ́sọ̀ wá fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Èmi máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún: bí ọwọ́ mi bá pupa, wọ́n á tún un fẹ́.

Ọ̀dà ìlẹ̀mọ́ ló kàn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi garawa dà á, kò lè kárí bákan náà. Kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń wọ́n ọn. Bó bá jẹ́ emulsion, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ omi, láàárín 0.3 sí 0.6 lítà lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ló dára fún ojú tí wọ́n fá. Bó bá kéré jù, kò ní lẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ńṣe ni ásífáàtì yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀, pàápàá níbi tí ọkọ̀ ti ń tẹ bíréèkì. Àwọ̀ ilẹ̀ ni emulsion máa ń ní nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n ọn, tí omi inú rẹ̀ bá ti kúrò ló ń di dúdú. Ìgbà tó bá dúdú tán ni kí wọ́n tó da ásífáàtì lé e. Gbogbo ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì ló lè ṣọ́ ìyẹn, kò gba ìwé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. A ti gbẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló ṣe é, kafíńtà kan tó wà láàárín wa ló sì wọn ọ́n. Ohun tí a rí rèé.

Láti ẹnu títì ńlá wọlé, tó bíi 220 mítà, ásífáàtì ni. Ìnípọn rẹ̀ tó 100 mílímítà, ìpele méjì ló sì jẹ́. Ìpele òkè jẹ́ 40, ó gbẹ, ó là, ọwọ́ lásán la fi ṣí i kúrò lórí ti ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ dúdú dáadáa, kò là, àfi níbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́báàtì. Ìyókù títì, bíi 130 mítà títí dé ìparí rẹ̀, ohun tí Ẹnjiníà sọ gan-an la bá: ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, yangí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé títì kan náà lè jẹ́ oríṣi méjì.

Ẹnjiníà Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Inú mi dùn pé ẹ ṣe é. Iṣẹ́ méjì ni ẹ ní, iye owó méjì sì ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe.

Ní ti 220 mítà àkọ́kọ́, ẹ fá a. Kò gbọdọ̀ jẹ́ 30 mílímítà ni wọ́n máa fá níbẹ̀ o, nítorí ìpele 40 tó ti ṣí kúrò lára ìkejì yẹn yóò ṣẹ́ ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní 10. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kò dì mọ́ nǹkan kan, ohun tí ẹ bá sì dà lé e yóò bá a ṣí. Kí wọ́n fá 45, kí eyín ẹ̀rọ kọjá ojú ibi tí ìpele méjèèjì ti pàdé, kó họ ìpele ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ ó wá ní nǹkan bí 55 tó dára nílẹ̀. Kí wọ́n da 60 padà. Mílímítà 15 péré ni títì yóò fi ga sí i, ìnípọn tí Bàbá Fẹ̀yìntì ń jà fún yóò sì wà. Kí wọ́n máa wo bí omi yóò ṣe ṣàn bí wọ́n ṣe ń fá a: 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni dídagẹrẹ tí a máa ń fún títì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Fún títì mítà 6 yín, àárín yóò ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní 75 mílímítà. Kí ẹ na okùn láti gọ́tà sí gọ́tà, kí ẹ sì wọn ọ́n.

Ní ti 130 mítà yòókù, mílíǹgì kò ní iṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀. Gírédà ni kó tú ojú rẹ̀, kí wọ́n po ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn mọ́ yangí, kí wọ́n fún un lómi, kí róòlà sì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sítóònù bésì (òkúta fífọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀), lẹ́yìn náà MC1 (ọ̀dà ṣíṣàn tí wọ́n ń wọ́n sórí òkúta náà), kí ásífáàtì tó dé. Bí ilé bá ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ kúrò tó ìwọ̀n ohun tí wọ́n fẹ́ dà padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó ṣe Ìyá Aláṣọ yóò ṣe wọ́n.

Fọ́ọ́máànù Àgbà

Ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́báàtì yẹn, akọ̀wé, ṣé ó là yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí awọ ọ̀nì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìpìlẹ̀ ló ti kú níbẹ̀, omi ló sì pa á. Bí ẹ bá fá ojú rẹ̀, tí ẹ tún un dà, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ jáde títí wọn yóò fi kan ilẹ̀ líle, kí wọ́n fi sítóònù bésì dí i ní ìpele ìpele, ìpele kan kò gbọdọ̀ ju 150 mílímítà lọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá da ásífáàtì lé e. Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Kọ́báàtì tó dí tàbí gọ́tà tó sán ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀.

Ohun kan tí ẹ ó fẹ́ gbọ́ ṣáájú ìpàdé: ọjọ́ tí wọ́n bá fá títì tán lẹ ó rí gbogbo àìsàn rẹ̀. Àwọn ibòmíràn tó ti rọ̀ yóò hàn, tí ihò mẹ́rin yín kò bá wọn pàdé. Ẹ fi owó díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, kí ẹ sì kọ iye tí agbaṣẹ́ṣe yóò gbà lórí mítà onígun mẹ́rin kan sínú ìwé àdéhùn, kó má baà jẹ́ orí títì tó ti ṣí sílẹ̀ lẹ ó ti máa nájà.

Ọlọ́kadà Under G

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àwa ọlọ́kadà. Àwọn ìlà tí ẹ̀rọ yẹn máa ń fi sílẹ̀, ó ń gbá táyà ọ̀kadà kiri. Ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, àwa la mọ̀ ọ́n. Èyí tó burú jù ni ibi tí wọ́n fá dé tí wọ́n dúró, ó ń dà bí àtẹ̀gùn, alẹ́ sì ni èèyàn ń bọ́ sí i. Apá ọ̀rẹ́ mi kan kán níbẹ̀. Kí wọ́n fi ásífáàtì díẹ̀ rọ ẹnu ibẹ̀ kó dagẹrẹ, kí wọ́n gbé páálí aláwọ̀ tó ń tàn lálẹ́ síbẹ̀, kó jìnnà díẹ̀ sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ká lè tètè rí i.

Ẹnjiníà Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ó dára bí ẹ ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ fi kún un pé wọn kò gbọdọ̀ fá ju ibi tí wọ́n lè dà padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ojú tí wọ́n ti fá ń mu omi, òjò kan ṣoṣo lè wọ inú ìpìlẹ̀. Nínú ìlú wa, oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni mo máa ń yàn fún iṣẹ́ báyìí.

Àbúrò Sáfíyọ̀

Akọ̀wé, ẹ ti béèrè ẹni tó ni ohun tí wọ́n bá fá? Ẹ ṣírò rẹ̀: 220 mítà ní gígùn, mítà 6 ní fífẹ̀, 45 mílímítà ní jíjìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kúbíìkì mítà 60, bíi tọ́ọ̀nù 140. Ìrìn méje ni fún tipa tó ń gbé tọ́ọ̀nù 20. Kì í ṣe ìdọ̀tí o. Bítúmẹ́nì ṣì wà nínú rẹ̀, òkúta rẹ̀ sì dára. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n ń dà á padà sínú ásífáàtì tuntun. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe níbí mọ iyì rẹ̀, wọ́n á bá yín kó o lọ láìsọ nǹkan kan, wọ́n á sì tún gba owó ìkódànù.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé àdúgbò ló ni ín. Bí ẹ bá ní òpópó kan tó jẹ́ ilẹ̀ lásán, tó máa ń di ẹrẹ̀, ẹ da eléyìí síbẹ̀. Kí gírédà kọ́kọ́ tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe, kí wọ́n tẹ́ ẹ ní 100 mílímítà, kí wọ́n fi omi rin ín, kí róòlà tẹ̀ ẹ́ nígbà tí oòrùn bá mú. Oòrùn yóò mú bítúmẹ́nì inú rẹ̀ rọ̀, yóò sì so ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún òpópó tó fẹ̀ ní mítà 4, èyí tí ẹ ní yóò lọ tó 150 mítà. Kò ní dà bí títì tuntun, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti eruku yóò dín kù gan-an. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dà á sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbé e wọ inú rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé

Ọlọ́run á san yín lóore. Bàbá alága wa ní kí n béèrè nǹkan méjì sí i. Àkọ́kọ́, gbígbé ẹ̀rọ yẹn wá láti ọ̀nà jíjìn ló mú owó náà wúwo. Ṣé a kò lè fi kángò, ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń fọ́ kọnkéré, ṣe é? Èkejì, bí owó wa kò bá ká gbogbo rẹ̀, ṣé kò sí bí a ṣe lè fá díẹ̀?

Fọ́ọ́máànù Àgbà

Kángò wúlò fún ibi kéékèèké: etí gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ ìdérí irin, ẹnu ọ̀nà ilé, igun tí ẹ̀rọ kò lè wọ̀. Kí wọ́n fi kọ́tà onídáyámọ́ńdì la ìlà tó gún ná, kí kángò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún títì tó gùn tó 220 mítà, kángò yóò jìn síhìn-ín, kò ní jìn lọ́hùn-ún, yóò sì mi èyí tó wà nísàlẹ̀ tó ṣì dára. Ẹkisikafétọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló ń fa ìpìlẹ̀ tu. Mílíǹgì kékeré wà tí ìlù rẹ̀ kò ju mítà kan tàbí ìdajì mítà lọ, ó rọrùn láti gbé ju ńlá lọ, ó sì bá àdúgbò mu. Ẹ wádìí bóyá iṣẹ́ títì kan ń lọ lọ́wọ́ lọ́nà Ìlọrin tàbí lọ́nà Ọ̀yọ́ tí ẹ̀rọ ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá mú ọjọ́ tiyín bá ọjọ́ tiwọn mu, owó lóbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀rọ náà wá, yóò já sílẹ̀. Ẹ sì lè bá àdúgbò kejì yín sọ ọ́ kí ẹ jọ háyà rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè kejì, ó ṣeé ṣe níbi tí ìpele òkè bá di mọ́ ti ìsàlẹ̀ dáadáa. Wọ́n á fá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan, bíi mítà kan àbọ̀ láti etí gọ́tà, kó jìn tó ìnípọn tí wọ́n fẹ́ dà létí gọ́tà, kó sì máa fúyẹ́ bọ̀ títí yóò fi di òdo lápá àárín. Ásífáàtì tuntun yóò sì bá etí gọ́tà dọ́gba, omi yóò ráyè lọ. Ọ̀pọ̀ títì tí owó rẹ̀ kò tó la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti yín tí ọwọ́ lásán ń ṣí ìpele òkè, n kò lè gbà yín níyànjú láti fi àárín sílẹ̀. Ó yá mi lára kí ẹ ṣe 110 mítà lọ́dún yìí ní àṣepé, kí ẹ ṣe ìyókù lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹnjiníà Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá pín in, apá ibi tí omi ń ṣàn wá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Níbi tí tuntun bá ti pàdé àtijọ́, kí wọ́n gé e kó gún, kó dúró ṣánṣán, kí wọ́n kun ojú ibi tí wọ́n gé náà ní ọ̀dà ìlẹ̀mọ́, kí róòlà sì kọ́kọ́ tẹ ojú oríkèé yẹn kó tó lọ síbòmíràn. Ẹ ní kí ẹnìkan ní tẹmómítà lọ́jọ́ náà. Ásífáàtì tó bá ti tutù sí 80 lórí ìwọ̀n Celsius kò gba róòlà mọ́, ibi oríkèé ló sì máa ń kọ́kọ́ tutù.

Ìyá Aláṣọ, Sábó

Akọ̀wé, ọjọ́ wo ni ìpàdé yín? Mo fẹ́ kí alága ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa wá jókòó gbọ́ ọ, torí wọ́n ní wọ́n fẹ́ da ọ̀dà sí iwájú wa náà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú ọgbà ilé Bàbá alága. Kí wọ́n máa bọ̀, Ìyá. Mo ti ránṣẹ́ sí agbaṣẹ́ṣe méjèèjì pẹ̀lú fọ́tò ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ní kí wọ́n kọ iye owó wọn ní apá méjì, kí wọ́n sì kọ jíjìn tí wọ́n máa fá sí i. Ẹnìkan ti dáhùn, ó ní òun yóò tún wá wọn ọ́n.